Ọdún Méjì Ló Wà Lára Gbogbo Pátákó Ìtàn

Ní ìlú Plymouth, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ilé olópòó kan wà létí òkun. Òpó rẹ̀ nípọn bíi ti ààfin. Ẹni tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ á dúró ti irin tí wọ́n fi ṣe ọgbà, á wá bojú wolẹ̀ sínú kòtò. Òkúta kan ló wà níbẹ̀ lórí iyanrìn. Kò tóbi tó bí èèyàn ṣe ń retí. Ojú ibi tó ti là rí, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ pọ̀, hàn kedere, wọ́n sì gbẹ́ 1620 sí i lára. Ohun tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé Amẹ́ríkà láti ìran dé ìran ni pé orí òkúta yìí ni àwọn tó bá ọkọ̀ Mayflower wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Plymouth.

William Bradford wà nínú ọkọ̀ náà, òun ló sì ṣe gómìnà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kọ ìtàn ìrìn àjò wọn sílẹ̀. Kò dárúkọ òkúta kankan. Ọdún 1741, ìyẹn 121 ọdún lẹ́yìn tí wọ́n gúnlẹ̀, ni bàbá arúgbó kan, Thomas Faunce, ẹni ọdún 94, gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kọ́ èbúté lé ibẹ̀ lórí. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ, ó sì sọ fún gbogbo wọn pé àwọn àgbà ló fi òkúta náà han òun. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní 1774, wọ́n kó màlúù wá fà á, ó là sí méjì. Apá kan kù sétí omi, wọ́n wọ́ apá kejì lọ sí àárín ìlú. Ọdún 1880 ni wọ́n tó so wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì gbẹ́ 1620 sí i. Ilé olópòó tó wà lórí rẹ̀ lónìí, 1921 ni.

Mi ò fojú kéré ìtàn àtẹnudẹ́nu o. Ọmọ Yorùbá wo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú oríkì ni a ti mọ ibi tí àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá? Ó lè jẹ́ òótọ́ ni bàbá náà sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání ni pé ọdún méjì ló wà lára gbogbo ohun ìrántí. Ọ̀kan ni ọdún tí wọ́n gbẹ́ síwájú rẹ̀, ọdún tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀. Èkejì ni ọdún tí àwọn kan jókòó tí wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan síbí, kí àwọn ọmọ wa má bàa gbàgbé." Ọdún kejì yìí ló ń sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó gbé e kalẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n, àti ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ìlú. Ẹni tí kò bá wò ó á rò pé òkúta ló ń bá òun sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ èèyàn ni.

Ẹ wo ère obìnrin tó gbé iná sókè ní èbúté New York, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Statue of Liberty. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé torí àtilè kí àwọn àtìpó káàbọ̀ ni wọ́n ṣe mọ ọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Édouard de Laboulaye, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kórìíra òwò ẹrú, ni ìrònú rẹ̀ ti wá, lásìkò tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí tí wọ́n sì dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó ti já fi wà lẹ́sẹ̀ ère náà, níbi tí ẹni tó dúró nílẹ̀ kò ti lè rí i dáadáa. Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 1886 ni wọ́n ṣí i. Ellis Island, erékùṣù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti ń yẹ àwọn àtìpó wò kí wọ́n tó wọ ìlú, kò tíì ṣí nígbà náà. Ọjọ́ kìíní ọdún 1892 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Emma Lazarus ló yí ìtumọ̀ ère náà padà. Júù ni, ó sì ń ran àwọn Júù tó ń sá bọ̀ láti Rọ́ṣíà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń wá owó tí wọ́n máa fi mọ ibi tí ère máa dúró lé, ní 1883, ó kọ ewì kan tó sọ obìnrin náà di ìyá àwọn tó sá kúrò nílé. Lazarus kú ní 1887, ewì náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ọdún 1903 ni wọ́n tó kọ ọ́ sára àwo idẹ tí wọ́n sì gbé e síbi ìpìlẹ̀ ère. Àwọn tó ju mílíọ̀nù 12 ló gba Ellis Island kọjá títí tó fi kógbá wọlé ní 1954, ère náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ rí láti orí ọkọ̀. Àwọn gan-an ló sọ ọ́ di tiwọn. Ní tèmi, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di ohun tí kò sẹ́ni tó ń sọ.

Ní Ellis Island kan náà, ògiri kan wà níta tí orúkọ tó lé ní 700,000 wà lára rẹ̀. Àwọn kan máa ń wá orúkọ baba ńlá wọn níbẹ̀, bí wọn ò bá rí i, ọkàn wọn á bàjẹ́, wọ́n á ní bóyá irọ́ ni wọ́n pa fún àwọn nílé. Kì í ṣe irọ́. Ìdílé ló ń sanwó kí wọ́n tó kọ orúkọ síbẹ̀. Ẹni tí kò gba Ellis Island kọjá rárá lè ní orúkọ lára ògiri náà, títí kan ẹni tí wọ́n kó wá lẹ́rú. Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn èrò ọkọ̀ lọ́tọ̀, ògiri lọ́tọ̀. Kódà Annie Moore, ọmọbìnrin ará Ireland tó kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ibẹ̀, tí wọ́n sì ti gbẹ́ ère fún, Annie Moore mìíràn tó kú ní Texas ni wọ́n ń fi ìtàn rẹ̀ pe tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2006 ni wọ́n tó mọ̀ pé New York ni Annie tòótọ́ gbé títí tó fi kú, inú sàréè tí kò ní àmì ló sì wà. Ọdún 2008 ni wọ́n gbé òkúta sí i lórí.

Orúkọ tí ìjọba àpapọ̀ ń pe àwọn ibi wọ̀nyí tún ń da èèyàn láàmú. National Monument kò túmọ̀ sí ère. Òfin 1906 ló fún Ààrẹ lágbára láti kéde pé ilẹ̀ ìjọba kan ti di ilẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Èyí àkọ́kọ́ tí Theodore Roosevelt kéde lọ́dún náà, òkè àpáta ni, Devils Tower ní Wyoming, tí ọwọ́ ẹ̀dá kankan kò mọ. National Register of Historic Places, ìwé orúkọ ni. Òfin 1966 ló dá a sílẹ̀, ibi tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 95,000. Bí ilé kan bá wọ ìwé yìí, ìyẹn ò sọ pé ìjọba ti rà á. Kò tiẹ̀ ní kí onílé má wó o, bí owó tàbí ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ kò bá sí nínú ohun tó ń ṣe. Àwo idẹ tí ẹ ń rí lára ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀, onílé ló máa ń rà á fúnra rẹ̀. Èyí tó ga ju ìyẹn lọ ni National Historic Landmark; nǹkan bí 2,600 péré ló wà ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Àwọn pátákó ìtàn tó wà lẹ́bàá títì tún yàtọ̀. Alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà ni púpọ̀ nínú wọn, lórí òpó kan, tí lẹ́tà rẹ̀ yọ síta débi pé afọ́jú lè fọwọ́ pa á. Iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nìyẹn sábà máa ń jẹ́, Virginia sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ní 1927. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìjọba ló ń pinnu, pé ìjọba ló sì ń sanwó. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé béèrè: ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, iléèwé, ìdílé. Wọ́n á kó ẹ̀rí wá, àwọn onímọ̀ ìtàn tí ìjọba yàn á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn náà, ẹni tó béèrè ni á sanwó. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ẹ ò rí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ẹni tó ní owó, tó ní ẹgbẹ́, tó sì ní ìwé lọ́wọ́ ló tètè rí pátákó rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ẹrú tí wọ́n fi òfin dè kó má kọ́ ìwé, níbo ló ti fẹ́ rí ẹ̀rí?

Bí àpẹẹrẹ, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Daughters of the American Revolution, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1890. Àtọmọdọ́mọ àwọn tó ja ogun òmìnira Amẹ́ríkà ni wọ́n. Ní 1928 àti 1929 wọ́n gbé ère 12 kalẹ̀ láti Maryland títí dé California, gbogbo wọn jọra: obìnrin kan gbé ọmọ lápá, ó di ìbọn mú, ọmọ kejì di yẹ̀rì rẹ̀ mú. Ìyá tó bá ọkọ rẹ̀ lọ tẹ ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn dó nìyẹn. Ìyà tó jẹ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ kò kéré, ó sì yẹ kí wọ́n rántí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ bi ère ọ̀hún: ta ni ìyá yẹn di ìbọn dè? Ẹnì kan wà lórí ilẹ̀ náà kó tó dé.

Ère Columbus tó wà ní Columbus Circle, New York, ni mo fi máa ń ṣàlàyé ọdún kejì yìí fún ẹni tí kò bá yé. Bí ẹ bá wo 1492 nìkan, ọdún tí Columbus dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ awakọ̀ ojú omi kan ni. Ẹ wá wo ọdún tí wọ́n gbé e dìde, 1892. Ní ọdún kan ṣáájú, ní 1891, èrò ya wọ ẹ̀wọ̀n ní New Orleans, wọ́n sì pa àwọn ará Ítálì 11. Lásìkò náà, ojú tí wọ́n fi ń wo ará Ítálì ní Amẹ́ríkà kò dáa rárá. Àwọn ará Ítálì tó wà ní New York ló dá owó ère náà jọ nípasẹ̀ ìwé ìròyìn èdè wọn, Il Progresso. Ohun tí wọ́n ń fi ère ọ̀hún sọ ni pé, "Àwa náà nílẹ̀ níbí." Bẹ́ẹ̀, lójú àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, dídé Columbus ni ìbẹ̀rẹ̀ ìparun wọn. Ẹ̀dùn ọkàn méjì tí kò jọra ló pàdé lórí òpó kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn rẹ̀ kì í fi í tán bọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Plymouth díẹ̀. Lókè òkúta yẹn, lórí òkè kékeré tí wọ́n ń pè ní Cole's Hill, ère Massasoit dúró síbẹ̀ láti 1921. Olórí àwọn Wampanoag, ẹ̀yà onílẹ̀ kan, ni, òun ló bá àwọn àlejò tó bá Mayflower wá mulẹ̀. Ohun tí ère náà kò sọ ni pé nígbà tí ogun bẹ́ ní 1675, àwọn ọmọ ogun àwọn ọmọ àlejò yẹn pa ọmọ rẹ̀, Metacomet, lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ kọ́ sórí igi ní Plymouth fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Láti 1970 ni àwọn onílẹ̀ ti ń kóra jọ sórí òkè yìí lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ tí gbogbo Amẹ́ríkà ń jẹ tòlótòló, tiwọn ni pé kí wọ́n ṣọ̀fọ̀. Ní 1998, ìlú Plymouth gbà kí wọ́n ri àwo idẹ kan mọ́lẹ̀ síbẹ̀ tó sọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀. Ẹni tó bá wo òkúta láìgun òkè, ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Ní etíkun kejì, nínú omi San Francisco, Angel Island wà. Láti 1910 dé 1940 ni wọ́n ti ń dá àwọn tó ń bọ̀ láti Éṣíà dúró níbẹ̀, àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n sì pọ̀ jù, nítorí òfin 1882 tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àwọn kan lo ọ̀sẹ̀, àwọn kan lo oṣù. Wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ewì sára ògiri pákó ibi tí wọ́n sùn sí. Ìjọba ti fẹ́ wó ilé náà kí òṣìṣẹ́ ọgbà kan tó ń jẹ́ Alexander Weiss tó rí àwọn lẹ́tà yẹn ní 1970. Èyí ni ìrántí tí ẹnikẹ́ni kò béèrè àṣẹ rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀. Àwọn tó jìyà náà ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́, ọdún méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan náà.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù nìyí. Pátákó máa ń da ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀: ẹni tó ṣí wá, ẹni tó tẹ ìlú dó, àti ẹni tí wọ́n kó wá. Àtìpó mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú kò wọ ọkọ̀ láti wá ọjọ́ iwájú. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí ọkọ̀ White Lion kó dé Virginia ní 1619, ọdún kan ṣáájú Mayflower, kò tẹ́wọ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn èèyàn ń sọ pé Jamestown ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Point Comfort ni, níbi tí Fort Monroe wà lónìí ní Hampton. Ọdún 2011 ni Ààrẹ Obama kéde ibẹ̀ ní National Monument.

Ní Manhattan ńkọ́? Ní 1991, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Broadway, wọ́n bá egungun èèyàn lábẹ́ ilẹ̀. Itẹ́ òkú àwọn ọmọ Áfíríkà ni, ẹrú àti òmìnira, tí wọn ò gbà kí wọ́n sin sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ funfun. Egungun ẹni 419 ni wọ́n hú jáde kí ariwo àwọn ọmọ ìlú tó mú kí iṣẹ́ dúró. Obìnrin àgbà kan wà nínú wọn tí wọ́n ti fi nǹkan rẹ́ eyín rẹ̀ lọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà. Ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 100 ló wà ní ìdí rẹ̀, pẹ̀lú owó ẹyọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí jẹ́ lára obìnrin, ẹ rò ó wò: gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò rí ìyẹn gbà, àwọn tó sin ín kò sì bọ́ ọ. Ní 2003, wọ́n sin gbogbo wọn padà sínú pósí tí wọ́n gbẹ́ ní Gánà. Ibẹ̀ di National Monument ní 2006. Kì í ṣe ìwé ẹnikẹ́ni ló mú ìrántí yìí wá. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

Tiwa tiwa tún wà ní Mobile, ìpínlẹ̀ Alabama. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọlé láti òkè òkun mọ́. Timothy Meaher, olówó kan tó ń kan ọkọ̀, ta tẹ́tẹ́ pé òun máa kó wọn wọlé kò sì ní sẹ́ni tó máa mú òun. Ó rán William Foster pẹ̀lú ọkọ̀ Clotilda lọ sí Ouidah ní Dahomey. Ní 1860, Foster kó nǹkan bí èèyàn 110 dé, ó sì dáná sun ọkọ̀ náà nínú odò kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rí. Kò sẹ́ni tí wọ́n dá lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó wá jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ọ̀kan ni Kossola, tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cudjo Lewis, ọmọ agbègbè Bantè tó wà ní Benin lónìí. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló kó ìlú rẹ̀. Òmíràn ni Àbákẹ́, tí wọ́n sọ ní Matilda McCrear. Ọmọ bí ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀, ilà sì wà lójú rẹ̀ títí ó fi kú ní 1940.

Nígbà tí òmìnira dé ní 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí. Owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n rán Kossola sí Meaher pé kó fún àwọn ní ilẹ̀ díẹ̀ dípò iṣẹ́ ọdún márùn-ún tí wọ́n ṣe fún un láìgbowó. Ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́jú owó, wọ́n ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìdílé Meaher, wọ́n yan olórí, wọ́n yan àwọn adájọ́ láàárín ara wọn, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. African Town ni wọ́n pe ibẹ̀. Africatown ni wọ́n ń pè é báyìí. Ẹ wá sọ fún mi, irú orúkọ wo ni pátákó fẹ́ pe irú àwọn bẹ́ẹ̀? Ẹrú ni wọ́n kó wá, atẹ̀lúdó ni wọ́n dà. Àwọn nìkan ni mo mọ̀ nínú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òkè wá tó ra ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́wọ́ ẹni tó kó wọn lẹ́rú.

Ọdún 2012 ni ìjọba àpapọ̀ kọ àdúgbò náà sínú National Register. Oṣù karùn-ún 2019 ni àjọ ìtàn Alabama kéde pé àwọn ti rí Clotilda nínú ẹrẹ̀ odò Mobile. Ní 2023 ni wọ́n ṣí ilé ìtàn tó sọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò kò dúró de ìjọba. Ní 1959, ọdún 24 lẹ́yìn tí Kossola kú, wọ́n gbé ère orí rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Union Baptist. Wọ́n jí ère yẹn gbé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì ti ṣe òmíràn. Bíríkì tí wọ́n tò jọ lọ́dún náà kí wọ́n tó gbé orí Kossola lé e, àwọn tó bá Clotilda wá ló fọwọ́ ara wọn ṣe é.